Mojí Ní Kí N Dá Ìgò Òun Padà

Ọ̀sán gangan ni. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn, torí ẹni tó bá ń sọ ìtàn òkú, òru ló máa ń gbé e sí, kí òkùnkùn lè bá a tan yín jẹ. Èmi ò ní òkùnkùn kankan tí mo fẹ́ fi tàn yín. Oòrùn wà lókè, ó ń jó wa lórí, ojú mi là kedere, mi ò mutí, mi ò sì tòògbé. Ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn tá a jọ ń gun ọ̀kadà lẹ́nu géètì yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. "Ọkọ Iwin" ni wọ́n ń pè mí. Kò burú. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó gbé máṣíìnì ẹ̀ gba ọ̀nà Abigi, kó kọjá Efire, kó lọ dúró létí ọ̀sà nígbà tí òjìji ẹ̀ bá ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Kó wá padà wá bá mi rẹ́rìn-ín.

Inú ń bí mi. Ẹ má retí pé kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí jẹ́jẹ́.

Ìwé mi ò pọ̀. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti fi sẹ́kọ́ńdìrì sílẹ̀ láìparí. Ilaporu ni mò ń gbé, Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin kan wà tí mo máa ń gbé láàárọ̀ láti géètì dé ọ́fíìsì ẹ̀. Dókítà ni gbogbo wa ń pè é, àmọ́ kì í ṣe dókítà tó ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó wádìí ibi tí àrùn ti ń wá, àwọn tó ń mú, àti bó ṣe ń ti ara ẹnì kan bọ́ sára ẹlòmíì. Lọ́jọ́ kan mo ṣèèṣì sọ fún un pé ọmọ etí ọ̀sà ni màmá mi, lọ́hùn-ún ní Ògùn Wọ́tásáìdì. Ó ní kí n dá máṣíìnì dúró.

"O gbọ́ èdè wọn?"

"Họ́wù, Mà, èdè màmá mi kẹ̀."

"Ìwọ gan-an ni mo ti ń wá."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àrùn tó ń wádìí ẹ̀ ni àtọ̀sí ajá. Ọmọ á máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ní abúlé màmá mi, tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ìyà tó ti jẹ wọ́n ti tó, wọn ò kà á sí àrùn. Bó bá jẹ́ ọmọkùnrin, wọ́n á ní ó ti ń di géńdé. Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin, wọ́n á ní nǹkan oṣù ẹ̀ ló tètè dé. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé kòkòrò ni. Inú ìgbín kékeré kan létí omi ló ń gbé. Á bọ́ sómi, á gba awọ ara ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ wọlé, á lọ yé ẹyin sínú ọmọ náà. Ọmọ náà á tún tọ̀ sómi, ẹyin á pa, á padà sọ́dọ̀ ìgbín. Bó ṣe ń yí po nìyẹn. Ó ní òògùn ẹ̀ wà, oníhóró ni, èèyàn lè lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí kòkòrò náà kú.

Ó wá sọ ohun tó yẹ kí n ti bá a jà sí. Ó ní ọ̀sán gangan la máa gba ìtọ̀ àwọn ọmọ náà. Ẹyin kòkòrò yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́, àfi ìgbà tí oòrùn bá dúró láàárín orí. Ó tún ní kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ sáré, kí wọ́n fò sókè dáadáa, kí ẹyin lè já sínú ìtọ̀.

Ẹ gbọ́ mi o. Ní abúlé yẹn, ọ̀sán gangan kì í ṣe ti ọmọdé. Bí òjìji bá ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀, ìyá á yọrí lójú ilé, á ké pe àwọn ọmọ ẹ̀: "Ẹ wọlé! Ọjà wọn ti kún!" Wọn kì í sọ pé ọjà ta ni. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n ni ọ̀sán, etí omi sì ni wọ́n ti ń ná ọjà wọn. Àgbàlagbà pàápàá kì í gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn létí omi lásìkò yẹn, torí kò mọ ẹni tó ń na ọwọ́ sí òun.

Mo mọ gbogbo èyí. Pàṣán ni màmá mi fi kọ́ mi. Síbẹ̀ èmi ni mo dúró láàárín abúlé, tí mo gbé àyà síta, tí mò ń sọ fún àwọn ọlọ́mọ pé ayé ti là, kí wọ́n jẹ́ kọ́mọ wọn jáde.

Ìyá Mojí ló kọ́kọ́ kọ̀. Ẹja ló ń yan tà, ó sì bá màmá mi tan. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹyọ kan tó bá sọ ló máa ń dùn ẹ́.

"Ọmọ Àṣàkẹ́, ṣé o ti gbàgbé àkókò ni, àbí Àgọ́-Ìwòyè ti dà ẹ́ lórí rú?"

"Ìyá Mojí, ẹ ní sùúrù. Ìtọ̀ lásán ni wọ́n fẹ́ gbà. Wọ́n á lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì gbé òògùn wá."

"Ta ló ní wọ́n á gbé e wá? Àwọn ni, àbí ìwọ?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ó wò mí títí. "Ó dáa. Torí ìwọ ni mo mọ̀. Mi ò mọ̀ wọ́n."

Ó wá ké pe Mojí. Ọmọ náà kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, eyín iwájú ẹ̀ kan ti ṣẹ́, ẹnu ẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ó sáré, ó fò, ó ń fi àwọn tó kù ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń fò bí àkèré tó yó. Nígbà tó gbé ìgò ike tiẹ̀ dé, ìtọ̀ inú ẹ̀ pupa bíi sóbò. Dókítà lẹ pílásítà mọ́ ọn, ó fi báírò kọ orúkọ ẹ̀. Mojí ní kò tíì tó. Ó gba báírò, ó ya ẹja kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, ìrù ẹja ọ̀hún tóbi ju orí ẹ̀ lọ.

"Kí wọ́n má baà fi tèmi pààrọ̀ tẹlòmíì," ló wí. Ó kọjú sí mi. "Bùọ̀dá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ṣé ẹ fẹ́ fi fọ máṣíìnì yín ni? Ó kúkú dọ̀tí."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

"Ìgbà wo lẹ máa dá a padà?"

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lo fẹ́ fi ìtọ̀ ṣe?"

"Ohun tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n máa ń dá a padà ni."

"Ó dáa, Ìyá Àgbà. Èmi fúnra mi ni màá dá a padà fún ẹ."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo fi ṣeré ni, àmọ́ mo sọ ọ́.

A kó ìgò lọ. Lẹ́yìn náà Dókítà ò sọ nǹkan kan mọ́. Ó ti lọ sókè òkun lọ sọ ohun tó rí fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Nígbà tó dé, tó gun ẹ̀yìn mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bi í.

"Mà, òògùn àwọn èèyàn mi ńkọ́?"

"Kò sí lọ́wọ́ mi. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó yẹ kó fún wọn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wádìí."

Mo gbé e dé ọ́fíìsì, mo gba owó mi, mo yí máṣíìnì padà. Mi ò lọ sí abúlé yẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, ojú ló ń tì mí. Nígbà tó yá, kí n má purọ́ fún yín, mo gbàgbé ni.

Òjò rọ̀, ó lọ. Ọyẹ́ dé. Dókítà tún pè mí. Ó ní a ó padà síbẹ̀, ó fẹ́ mọ ohun tó ti yí padà lára àwọn ọmọ náà.

Ó wa mọ́tò ẹ̀ dé Abigi, ó gbé e sílẹ̀ níbẹ̀ torí ọ̀nà iwájú kò ṣeé wà. Èmi gun máṣíìnì mi tẹ̀ lé e. Kúlà tọ̀tẹ̀ yìí, àpótí oníyìnyín tá a ń kó ìgò sí, tóbi, kò lè bá a jókòó lórí máṣíìnì. Mo kọ́kọ́ gbé kúlà lọ, mo wá padà wá gbé Dókítà.

Láti ìgbà tá a ti wọ abúlé ni nǹkan kan ti ń dún létí mi tí mi ò mọ ohun tó jẹ́. "Ìyá Ṣẹ́gun, ẹ fún mi níná." "Ìyá Ṣẹ́gun, àlejò yín ti dé." Ìyá Mojí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣẹ́gun ni àbúrò Mojí. Mo gbọ́ ọ, mi ò ronú kàn án.

Ìyá náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀, ó fi Ṣẹ́gun sẹ́yìn ara ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ìyá Mojí, ẹ kú ilé o." Mo ní kó jẹ́ kí Ṣẹ́gun wá. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Mo sọ nínú ara mi pé torí òògùn ló ń bínú. Ó kúkú lẹ́tọ̀ọ́.

Nígbà tí oòrùn dé àárín, àwọn ọmọ díẹ̀ tí ìyá wọn gbà ń sáré lórí iyanrìn. Dókítà ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Mo lọ jókòó sábẹ́ àgbọn kan létí omi, níbi tí igi díẹ̀ ti bò mí.

"Bùọ̀dá."

Mojí ni. Aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ wá yẹn náà ló wọ̀, àfi pé ó rin, bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi jáde. Eyín tó ṣẹ́ yẹn kò tíì hù. Inú mi dùn, ẹ gbà mí gbọ́. Inú mi dùn pé ẹnì kan nínú ilé yẹn ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀.

"Mojí! Màmá ẹ ń bá mi jà o."

Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti gbé e dé?"

"Kí ni?"

"Tèmi."

"A ṣì ń bá a bọ̀. Sọ fún màmá ẹ kó jẹ́ kí Ṣẹ́gun wá tọ̀ síbí."

Ó wo ọ̀nà ilé wọn. Ó rọra sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí omi gbọ́. "Ó ti ń tọ pupa, òun náà."

Ó na ìgò kan sí mi. Mo gbà á.

Létí omi. Lọ́sàn-án gangan. Mo na ọwọ́ mi, mo gbà á.

Ẹ máa bi mí pé ṣé mi ò wo òjìji ẹ̀ ni. Òjìji ta ló ń hàn lásìkò yẹn? Tèmi náà ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn ọ̀sán nìyẹn.

Mo gbé ìgò náà sínú kúlà pẹ̀lú àwọn tó kù. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọmọdé ni, mo ní ó ti sáré lọ.

Mo gbé Dókítà padà sí Abigi, mo wá padà wá gbé kúlà. Mo rò ó pé kò yẹ kí n lọ láìtún bẹ ìyá yẹn. Mo bá a níwájú ààrò ẹja.

"Ìyá Mojí, ẹ má bínú mọ́. Mojí ti fún mi ní tiẹ̀. Ẹ bá jẹ́ kí Ṣẹ́gun náà..."

Ọwọ́ ẹ̀ dúró lórí ẹja tó ń yí.

"Ta ló fún ẹ ní kí ni?"

"Mojí. Létí omi."

Kò ké. Ẹ̀rù ìbá má bà mí tó bẹ́ẹ̀ ká ní ó ké. Ó dìde, ó ti Ṣẹ́gun wọ yàrá, ó fi àpótí dí ilẹ̀kùn. Ó ní, "Máa bọ̀."

Ẹ̀yìnkùlé ló mú mi lọ. Òkìtì kékeré kan wà níbẹ̀, koríko ti ń hù lórí ẹ̀. Bàtà rọ́bà ọmọdé kan ṣoṣo wà ní ìdí ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni orúkọ tí mo ti ń gbọ́ láti àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ agbárí mi. Ní abúlé yẹn, wọn kì í fi orúkọ ọmọ tó ti kú pe ìyá ẹ̀ mọ́. Wọ́n á rọra fi orúkọ èyí tó kù rọ́pò ẹ̀, kí ọgbẹ́ má baà máa ya nígbàkigbà tí wọ́n bá pè é. Èmi nìkan ni mo wá ń ké "Ìyá Mojí, Ìyá Mojí" láti òwúrọ̀.

"Nígbà òjò ni," ó ní. "Ìtọ̀ dí mọ́ ọn. Ikùn ẹ̀ wú. A gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, a ò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn tó fi dákẹ́." Ó wo bàtà yẹn. "Ó bèèrè ẹ. Ó ní ṣé Bùọ̀dá ò tíì dé ni."

Mo sáré lọ ṣí kúlà. Àwọn ìgò wà lórí yìnyín bá a ṣe tò wọ́n. Ọ̀kan dá wà lókè. Mo gbé e, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí èyí tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ sí. Ó pupa. Pílásítà wà lára ẹ̀, orúkọ wà lára pílásítà, ẹja kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà tí ìrù ẹ̀ tóbi ju orí ẹ̀ lọ.

Mo di ẹni tó ń sáré sétí omi. Mo ti ń tú ìdérí ẹ̀. Mo fẹ́ dà á nù kí ọ̀rọ̀ náà tán. Ìyá Mojí bá mi níbẹ̀, ó gbá ọwọ́ mi mú.

"Sínú omi tí àwọn tó kù ń wẹ̀?"

Ẹ ò rí i báyìí? Ọmọ ní kí n dá a padà. Ibi tí mo máa dá a padà sí, ibẹ̀ náà ló máa ti mú ọmọ míì.

"Ẹ gbà á nígbà náà, Ìyá mi. Ẹ̀yin lẹ bí i."

"Èmi ò gba ìtọ̀ lọ́wọ́ ẹ." Ohùn ẹ̀ kò sókè rárá. "Ìtọ̀ kọ́ lo ṣèlérí fún mi. Ṣẹ́gun ti ń tọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń wá sétí omi lọ́sọ̀ọ̀sán, ó ń dúró. Mi ò mọ̀ bóyá ìwọ ló ń dúró dè, tàbí Ṣẹ́gun."

Mo gbé kúlà sórí máṣíìnì. Mo fi ìgò náà sápò ẹ̀wù mi. Ọ̀nà yẹn, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọwọ́ ara ẹ̀, síbẹ̀ máṣíìnì mi ń fà, ẹ́ńjìnnì ń kérora bíi pé mo gbé èèyàn. Mi ò wẹ̀yìn. Mo ń sọ pé kúlà ni, kúlà ló wúwo.

Dókítà jókòó sínú mọ́tò ẹ̀ ní Abigi, ó ń jẹ ìpékeré. Mo gbé ìgò náà kalẹ̀ sórí mọ́tò, níwájú ẹ̀ gan-an.

"Kí nìyí?"

"Ẹ wò ó dáadáa, Mà."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó kà á. Ìpékeré ẹnu ẹ̀ dúró sójú kan. "Èmi ni mo kọ eléyìí. Ibo lo ti rí i? Mo ti sun àwọn ìgò ìgbà yẹn. Èmi fúnra mi ni mo sun wọ́n."

"Ẹ rántí ẹ̀?"

"Báwo ni màá ṣe gbàgbé? Nínú gbogbo èyí tí mo yẹ̀ wò, òun ni ẹyin inú ẹ̀ pọ̀ jù. Mo fi àwòrán ẹ̀ han àwọn èèyàn lókè òkun."

"Ọmọ tó ni ín ńkọ́? Báwo lojú ẹ̀ ṣe rí?"

Ó ya ẹnu. Ó rántí ìgò. Kò rántí ọmọ.

"Ó ti kú, Mà."

"Àrùn yìí kì í sábà pa ọmọdé kíá báyẹn," ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ.

Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò kàwé tó o. Bóyá nǹkan míì ló pa Mojí, mi ò ní fi orí Ọlọ́run búra. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n gba ìgò lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n rí ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n sì lọ sọ ọ́ fún gbogbo ayé, àfi ìyá ẹ̀.

Mo ti rí páálí kan nínú búùtù nígbà tí mò ń gbé kúlà lọ láàárọ̀. "Kí ló wà nínú páálí yẹn, Mà?"

Ó ní òògùn ni. Ó ní wọ́n pín àwọn abúlé sọ́nà méjì. Àwọn kan á gbà á báyìí, àwọn kan á dúró, kí wọ́n lè fi tibí wé tọ̀hún. Abúlé wa wà lára àwọn tó máa dúró.

"Ta ló yàn wá?"

"Kò sẹ́ni tó yàn yín. Kọ̀ǹpútà ló ṣẹ́ ìbò."

"Ṣé ẹ ò tíì mọ̀ pé òògùn náà ń ṣiṣẹ́ ni?"

"A mọ̀." Ohùn ẹ̀ ti ń wọlẹ̀. "Ohun tá a fẹ́ mọ̀ ni bó ṣe máa pẹ́ tó kí àrùn tó padà."

Inú bí mi débi pé ẹ̀rù kúrò lára mi. Mo pariwo lé obìnrin tí mo ń dọ̀bálẹ̀ fún láràárọ̀. Mo ní, "Ẹ wà níbí tẹ́ ẹ ń wo bó ṣe máa pẹ́ tó! Ẹ̀yin lẹ mú mi purọ́ fún ìyá ọmọ náà! Ẹ gbé e jáde!" Àwọn èèyàn Abigi ti ń dúró wò wá. Mo nawọ́ sí búùtù.

Kò bínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiẹ̀ náà. Ó ti ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣí búùtù, omi sì wà lójú ẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọn ọmọ kí wọ́n tó mọ iye hóró tó máa jẹ." Ó yọ ọ̀pá náà, ó gbé páálí sí àárín èmi àti òun, ó gun ẹ̀yìn mi. Mo ti fi ìgò padà sápò.

Àárín ọ̀nà la wà, níbi tí oko ọ̀pẹ ti pin tí iyanrìn bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ṣì mú.

"Bọ̀dá," Dókítà wí sí mi létí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ta ló di ẹ̀wù mi mú lẹ́yìn?"

Àwa méjì la wà lórí máṣíìnì.

"Ẹ má wẹ̀yìn, Mà."

"Ọwọ́ kékeré ni. Ó tutù. Ó tutù gan-an."

"Ẹ má wẹ̀yìn. Ẹ di páálí mú."

Mo gbọ́ ọ, òun náà gbọ́ ọ. Láti ẹ̀yìn ẹ̀ ni ohùn náà ti wá, kò le, kò sì dùn.

"Bùọ̀dá, ẹ ti gbé e dé?"

Mo ní, "À ń gbé e bọ̀. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, àdúrà tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Nígbà tá a dé abúlé, ẹ̀yìn aṣọ ẹ̀ ti rin gbingbin. Mo fọwọ́ kan àpò mi. Òun náà rin. Ìgò ò sí níbẹ̀.

A ò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Dókítà ní kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ jẹun, àwọn ìyá gbé fùfú jáde. Ó fi ọ̀pá wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fún wọn ní hóró tiwọn. Ìyá Mojí ṣílẹ̀kùn. Ó fa Ṣẹ́gun jáde.

"Ó korò!" ọmọ náà ní.

"Gbé e mì, kí n tó gbé ìwọ náà mì," ìyá ẹ̀ dáhùn. Ó gbé e mì.

Mo rò pé ó ti parí. Ìyá náà ò kúrò níwájú Dókítà.

"Ó ku ọ̀kan," ó ní.

Mo túmọ̀ ẹ̀. Dókítà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ọmọ míì dà?"

Ìyá Mojí sún mọ́ ọn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà ara ẹ̀. "Ó ga dé ibí."

Dókítà gbé ọ̀pá náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà ìyá yẹn. Ó wo àmì tó wà níbẹ̀. Ó ka hóró bó ṣe tọ́ sí ọmọ tó ga tó bẹ́ẹ̀, ó dà á sí i lọ́wọ́. Ìyá náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé. A ò tẹ̀ lé e.

Mo gbọ́ pé àwọn ọ̀gá Dókítà bínú pé ó ba iṣẹ́ jẹ́, wọ́n ní abúlé tó yẹ kó dúró ti gba òògùn, kò ṣeé fi wé nǹkan kan mọ́. Kì í gun máṣíìnì mi mọ́. Kì í gun ti ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ ló ń fi rìn láti géètì, kì í sì í rìn lọ́sàn-án. Ṣẹ́gun ò tọ pupa mọ́ báyìí. Mi ò lè sọ pé kò ní padà, omi yẹn náà ló ṣì ń wẹ̀, ibòmíì dà? Àwọn abúlé tó kù tí kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n dúró ńkọ́? Wọ́n ṣì ń dúró.

Mo rò pé Mojí ti fi mí sílẹ̀. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi lẹ́nu géètì, ó gbé kúlà dání. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé mo gbọ́ èdè etí ọ̀sà. Ẹ̀jẹ̀ lòun fẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀, àìsàn ibà lòun ń wádìí. Kí n ṣáà bá òun sọ fún àwọn ìyá wọn pé òun máa padà wá.

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé òògùn ẹ̀ wà nínú kúlà yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe wọ́n ná."

Kò tíì gun máṣíìnì. Ó ṣì dúró nílẹ̀, kúlà ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo wo ilẹ̀, mo rí i pé òjìji wa méjèèjì ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ìjókòó ẹ̀yìn mi rọra tẹ̀ wálẹ̀, bíi pé ẹni tí kò wúwo púpọ̀ jókòó lé e. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí sálẹ́ńsà, ó ń hó ṣìì.

Mo sọ fún un pé mi ò lọ. Ó ti lọ wá ọlọ́kadà míì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé kúlà káàkiri, ẹ̀yin ọmọ ìlú tẹ́ ẹ̀ ń bá wọn túmọ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣiṣẹ́ yín. Àmọ́ bí ọmọdé bá fa nǹkan lé yín lọ́wọ́, tó sì bi yín pé ìgbà wo lẹ máa dá a padà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má rẹ́rìn-ín.